Ìlà Méjì àti Okùn Aṣọ Kan

Kí ojú ọjọ́ tó là tán ni Pẹ́pẹ́yẹ ti jáde sí àgbàlá. Ó gun àpótí, ó na ọwọ́ sókè, ó di okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín. Okùn náà gùn láti ojú fèrèsé ilé dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá fóòmù, yàrá tí bàbá rẹ̀ ń kó fóòmù àga sí, ní òdìkejì àgbàlá, níbi tí ìyá rẹ̀ ń dá gbé láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ìlú. Bí ọmọ bá mi okùn níhìn-ín, ìyá á di í mú lọ́hùn-ún, á sì mì ín padà. Bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra láràárọ̀ nìyẹn. Ní àárín àgbàlá, lábẹ́ okùn, wọ́n to bíríkì mẹ́ta sílẹ̀. Ìyá kò gbọdọ̀ kọjá bíríkì síhìn-ín, ọmọ kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ sọ́hùn-ún.

"Màámi, ṣé ẹ ti gbà á?"

"Mo ti gbà á. Ó gbóná fẹlifẹli."

"Ẹ dá a padà."

Ìyá mi okùn, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àpótí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Nítorí ìrìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi ni wọ́n ṣe ń pè é ní Pẹ́pẹ́yẹ, orúkọ yìí náà ni àdúgbò sì fi ń pe bàbá àti ìyá rẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ní ilé ìwòsàn. Aṣọ ibùsùn àwọn tí àrùn dá dùbúlẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọ̀. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ omi, ọ̀gá wọn á ṣí ìgò búlíìsì, omi líle tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, á sì gbé e yí wọn ká kí wọ́n fi imú gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fa ojú ro, iṣẹ́ yá. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ òórùn kankan, kó máa lọ sílé ni, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, nítorí wọ́n ti rí i pé imú ni àrùn náà máa ń kọ́kọ́ pa kí ibà tó dé. Títí di àná, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ń fa ojú ro dáadáa. Òní ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kò sí ìgò, kò sí ọ̀gá.

Kò lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí òun nìkan ni owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Kò sì lè sùn sínú ilé, torí ìyá tó bí i wà níbẹ̀. Àyà Ìyá Àgbà máa ń fọn bíi fèrè bí afẹ́fẹ́ bá yí díẹ̀, dókítà sì ti sọ fún wọn láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé bí àrùn yìí bá fọwọ́ kan àyà yẹn, kí wọ́n má wulẹ̀ sáré. Nítorí àyà Ìyá Àgbà ni bíríkì mẹ́ta ṣe wà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kì í ṣe oúnjẹ ilé, kì í ṣe ibùsùn gidi ló ń wu obìnrin yìí nínú yàrá fóòmù. Òórùn orí ọmọ rẹ̀ ló ń wù ú. Bí Pẹ́pẹ́yẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àárín orí rẹ̀ máa ń ta sánsán bíi búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú ààrò. Òru tí ìyá yìí ti fi jókòó lórí fóòmù, tó ń wá òórùn yẹn nínú afẹ́fẹ́, kò lóǹkà. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ojú ń tì í kí àgbàlagbà máa yán hànhàn nítorí òórùn.

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ jáde, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, páálí kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì. Kò tíì bọ́jú, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, òní ni òpin bíríkì!"

Oníṣẹ́ àga tìmùtìmù ni ọkùnrin yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra àga nígbà tí kò sí àlejò tó gbọdọ̀ jókòó sórí rẹ̀? Nígbà tó yá, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá tó fi ń rán awọ, ó sì fi owó rẹ̀ ra ìpín nínú kọ́ńpìnì kan tó ní òun ń ṣe àyẹ̀wò tí ènìyàn lè dá ṣe nílé. Ipa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí sìmẹ́ńtì nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ẹni tó bá ra ìpín nínú kọ́ńpìnì ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó ni irun kan ní ìrù màlúù náà ṣe ni màlúù.

Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò ló fà á wọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó fẹ́ kí àjèjì mí sí òun lọ́rùn ni onígbàjámọ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń kó àwọn ọkùnrin jọ sórí fóònù, tó ń sọ fún wọn bí iye ìpín náà ṣe ń lọ sókè. Bó bá pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà, kì í kí i ní "ẹ káàárọ̀" mọ́, "Ó ti gòkè!" ni yóò pariwo. Bó ṣe di pé gbogbo ayé ń pè é ní Ó-ti-gòkè nìyẹn. Mi ò bá onígbàjámọ̀ bínú jù, ebi ń pa òun náà. Àwọn tí mo ń bá bínú ni àwọn tó jókòó síbi tí òórùn búlíìsì kò dé, tí wọ́n ń fi ikọ́ ọmọlàkejì ta tẹ́tẹ́. Wọ́n mọ ohun tó ń wu oníkálukú wa. Ọmọ ń wá ìyá, ìyá ń wá ọmọ, aya ń wá ọkọ tí wọ́n tì mọ́ ilé ìwòsàn. Ìyánhànhàn yìí ni wọ́n dì sínú páálí, wọ́n lẹ àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn, wọ́n sì tà á.

Páálí tí kọ́ńpìnì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ra ìpín ló wà lọ́wọ́ Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ yìí. Àwo àyẹ̀wò méjì-méjì ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó bá a wá ni pé kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀. Lọ́sàn-án òní ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oògùn yóò sọ bóyá àyẹ̀wò náà lè jáde fún títà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí Ó-ti-gòkè ti wí, gbogbo wọn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ọrọ̀.

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ gbé àwo kan, abẹ́rẹ́ àti ìgò omi kékeré rẹ̀ sílẹ̀, ó fi igi ìgbálẹ̀ tì wọ́n kọjá bíríkì sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Gún ìka rẹ, kán ẹ̀jẹ̀ sójú ihò yẹn, kó o kán omi inú ìgò kékeré lé e. Bó bá jẹ́ ìlà kan ló yọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tíì pàdé àrùn yìí rí. Bó bá jẹ́ ìlà méjì, ó ti pàdé rẹ̀, ó ti bá a jà, àwọn ọmọ ogun ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kò lè mú ọ mọ́, o ò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni."

Ìyá Àgbà yọ orí láti ojú fèrèsé. Gèlè ló fi bo irun rẹ̀ tí kò tíì dì láti oṣù mélòó kan, torí kì í jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kan orí òun yàtọ̀ sí ti ọmọ rẹ̀.

"Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run," ló wí. "Àwo bíńtín yìí ló wá mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá, sáyẹ́ǹsì ni."

"Ṣé sáyẹ́ǹsì yìí náà ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ lọ?"

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ń fi ìka nu ojú fóònù bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ti gún ìka ní tirẹ̀. Ó kán ẹ̀jẹ̀, ó kán omi, ó gbé àwo náà lé orí itan, ó ń wò ó. Ó kọ́kọ́ rí ìlà kan. Ó di ojú, ó ń bẹ Ọlọ́run ní ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Nígbà tó là á, ìlà kejì ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, títí ó fi hàn kedere bíi ti àkọ́kọ́.

"Méjì ni! Ìyá, méjì ni o!"

Ó ti fò dìde. Bó ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá bíríkì ni ọkọ rẹ̀ kígbe pé, "Dúró! Dúró ná, jẹ́ kí n gbé fóònù sókè!" Obìnrin náà dúró. Ẹsẹ̀ kan wà lókè, apá méjèèjì là sílẹ̀, ọmọ ń ké "Màámi, ẹ máa bọ̀!" ní òdìkejì, bàbá ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Nígbà tí bàbá ní kí ó máa bọ̀, ó kọjá. "Háà, ìka mi bo ojú ẹ̀rọ. Jọ̀ọ́, padà sẹ́yìn kó o tún un kọjá." Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́ mọ́. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti gbá ọmọ mọ́ àyà, ó ti ri imú mọ́ àárín orí rẹ̀.

Ó fa èémí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún fà á, ó fà á débi tí èjìká rẹ̀ fi gòkè. Irun ọmọ ń yún un nímú, ó gbóná, ó rọ̀, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó ń wá kò sí níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n fi fọ orí rẹ?"

"Ọṣẹ tí ẹ rà ni, Màámi. Ẹ ń fún mi jù."

Búlíìsì ti jẹ mí nímú, ló sọ nínú ara rẹ̀. Tí ènìyàn bá ń fi imú gbọ́ irú omi yẹn láràárọ̀, ṣé imú kò ní kú? Yóò padà bó bá yá. Ó tún fún ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ayọ̀ sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fọ́tò èyí ni Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ fi ránṣẹ́. Ó dára púpọ̀. Omijé ojú ìyá hàn nínú rẹ̀ kedere.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń gbé lẹ́yìn ògiri ti gbọ́ ariwo. Ó gun nǹkan kan ní tirẹ̀, ìbòmú rẹ̀ àti ojú rẹ̀ nìkan ló yọ lókè ògiri.

"Ẹ kú oríire o! Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, o ti wá di ẹni ilé padà. Ṣé kí n máa retí àbúrò fún Pẹ́pẹ́yẹ?"

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹun ná," ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ fi dá a lóhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu Ìyá Oníbúrẹ́dì. "Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ṣé kò sí àwo kejì níbẹ̀? Ẹ mọ̀ pé wọn ò jẹ́ kí n rí bàálé mi ní ilé ìwòsàn. Bí mo bá ní ìlà méjì tí mo lè nà sí wọn lójú, bóyá wọ́n á jẹ́ kí n wọlé. Kí n kàn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù."

"Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú páálí," ni Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ wí. Kò wo ògiri bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n jẹun pọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìrẹsì àná ni, àti ẹyin mẹ́ta tí wọ́n pín sí mẹ́rin. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra, Pẹ́pẹ́yẹ kò dákẹ́, ó jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, ó ń fi síbí bọ́ ọ bí ẹni pé òun ló bí i. Ìyá Àgbà nìkan ló gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ń wò wọ́n. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí omi ìfọṣọ ti bó, nígbà tó sì yá, ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀.

"Wá di orí mi," ló wí.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé òróró irun jáde, ó jókòó sórí àga, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Irun náà ti funfun sí i láàárín oṣù díẹ̀ yìí, ó rí i, kò sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rántí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà di ojú, orí rẹ̀ ń lọ síbi tí ọwọ́ bá tì í sí, àyà rẹ̀ sì rọlẹ̀ débi pé wọn kò gbọ́ fèrè inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, iye tí wọ́n ń ta ẹyin.

"Òróró yìí kò ní òórùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́," ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Wọ́n ti ń lú u."

"Kò ní òórùn kẹ̀? Ó ń ta sánsán dé ojú títì."

Ọwọ́ tó ń di irun dúró. Ó dúró bí ìgbà tí ènìyàn fi lè mí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà kò yí orí padà. Àwo àyẹ̀wò wà lórí ojú fèrèsé níwájú wọn, ìlà méjèèjì pọ́n kedere, obìnrin náà sì wò ó. Ìlà méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ ju imú alágbàfọ̀ lọ. Ó tún fi òróró sí ìka, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ló parí nígbà tí Ó-ti-gòkè ti ẹnu géètì wọlé. Ìbòmú rẹ̀ wà ní àgbọ̀n, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Pẹ́pẹ́yẹ ló kí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kí i lójoojúmọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Onígbàjámọ̀, ṣé ó ti gòkè?"

Ọkùnrin náà jókòó sórí bíríkì mẹ́ta.

"Wọ́n ti lù ú bolẹ̀," ló wí. "Ilé iṣẹ́ ìjọba ti kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà pamọ́ kí àrùn yìí tó dé ayé rárá. Ìlà méjì. Wọ́n kán omi lásán sí i. Ìlà méjì. Kò sí ohun tí wọ́n kán sí i tí kò ní ìlà méjì. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, àwọn ọ̀gá kọ́ńpìnì yẹn ti ta tiwọn láàárọ̀ àná. Àwa là ń rà á lọ́wọ́ wọn! Fọ́tò ìyàwó rẹ tí mo pín káàkiri, ẹni mẹ́ta ló ra ìpín nítorí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò mi."

Ìgbà wo ni Ìyá Àgbà ti dìde kúrò láàárín ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ dì rẹ́gírẹ́gí, ẹ̀gbẹ́ kejì dúró gànràn.

"Omi lásán," ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wí. Ó kọ ojú sí ọkọ rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ìgbà tí gbogbo ayé mọ̀ náà ni. Ṣebí ojú rẹ ló ṣe sọ ọ́ báyìí."

"Mo ní, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ṣé èmi ni mo ṣe é ni? Wọ́n tan gbogbo wa jẹ!"

"Ti Bàámi náà ní ìlà méjì," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. Inú rẹ̀ dùn pé òun náà mọ nǹkan kan. "Mo rí i lábẹ́ tìmùtìmù àga gígùn."

Ó-ti-gòkè ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà. Láti òkè ògiri, ojú Ìyá Oníbúrẹ́dì ti yọ, a ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ó wo Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹni tó sọ fún un pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú páálí. Ó bá ibi tó gbà gòkè sọ̀ kalẹ̀.

"Ìwọ tí o kò tíì ju ẹnu géètì lọ láti ìgbà tí àrùn yìí ti dé," ni Ìyá Àgbà wí jẹ́jẹ́. "Ibo ni ẹ̀jẹ̀ tìẹ ti pàdé rẹ̀?"

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ti fóònù rẹ̀ bọ àpò.

"Mo rò pé bóyá mo ti ní in láìmọ̀. Wọ́n ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mi ò ro ó mọ́. Ìyá, bí mo bá ní irọ́ ni, kí ni mo ta ẹ̀rọ mi fún? Àti pé..." Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ náà kò dé ibì kan. "Ó wù mí kó wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ó wù mí kó wọlé. Èmi nìkan ni mò ń sùn sórí ibùsùn yẹn."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni Ìyá Àgbà wí.

Gbogbo wọn ń retí pé kí Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ bú gbàù. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹnu tó ń dákẹ́, ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti tẹrí ba fún un. Obìnrin náà ti fa èémí sínú. Ó ti na ìka sí i. Ìgbà náà ló rí òróró tó ń dán lórí ìka náà. Ó wò ó, ó gbé e sún mọ́ imú, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó yọ ẹsẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ onígbàjámọ̀ kọjá bíríkì.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Ohun tó bá ti wọlé ti wọlé. Padà wá parí orí mi."

"Rárá, Ìyá."

"Ṣé báyìí lo fẹ́ kí n máa jókòó? Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀ṣọ́, ẹ̀gbẹ́ kan wèrè?"

"Ẹ máa jókòó bẹ́ẹ̀ ná, Ìyá mi. Ẹ bá mi fi gèlè bò ó."

Pẹ́pẹ́yẹ kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyá òun ń lọ. Ó sáré wọlé, ó mú fìlà tó fi ń sùn jáde, ó jù ú kọjá bíríkì. "Ẹ fi sùn, Màámi. Ẹ bá mi dá a padà lọ́la." Ìyá rẹ̀ mú fìlà náà nílẹ̀, ó wọ yàrá fóòmù, ó ti ilẹ̀kùn.

Inú yàrá náà kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Fóòmù tí ẹnikẹ́ni kò rà wà lórí ara wọn títí dé àjà. Ó jókòó, ó fi fìlà ọmọ bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó fa èémí bí ẹni tó fẹ́ rì sínú rẹ̀. Ó yí inú fìlà síta, ó wá ibi tí àárín orí máa ń wà, ó fi imú síbẹ̀. Aṣọ lásán ni. Ó dìde, ó wá ìgò búlíìsì rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, èyí tó fi ń fọ aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó yí ọmọrí rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ imú ju bí ọ̀gá wọn ṣe máa ń gbé e fún wọn lọ. Oró omi náà dé ojú rẹ̀, omi sì ń dà pòròpòrò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Imú rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó dé ìgò náà. Ó jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ilẹ̀kùn. Ó ń ronú ibi tí òun ti fi imú kan ọmọ lónìí, ibi tí òun ti mí sí ẹ̀yìn ọrùn ìyá òun, láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ ìlà irun àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn.

"Ìyá!" ló ké láti inú yàrá. "Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé! Ẹ fi ìbòmú bo imú yín, ẹ má jẹ́ kí Pẹ́pẹ́yẹ sùn tì yín lálẹ́ òní!"

"Kí ló dé?"

Ìyá Àgbà ti ń ṣí fèrèsé kí ìdáhùn tó dé. Wọ́n jọ gbọ́ nígbà tó ní òróró kò ní òórùn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ nígbà tí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kì í ṣe àsìkò rẹ̀, òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ ti gun àpótí. Ìyá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó na ọwọ́ síta, ó di okùn mú.

"Màámi, ṣé ẹ ti gbà á?"

"Mo ti gbà á."

"Ẹ dá a padà."

Ní òdìkejì àgbàlá, Ìyá Àgbà jókòó lójú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Kò tíì wé gèlè. Ó fi ọwọ́ kan lé àyà, ó ń fi ọwọ́ kejì wá òpin ìlà irun tí ọmọ rẹ̀ dì kẹ́yìn. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú, ó dì í gírígírí, kò sì lè mì ín.